Ohùn Mọ́mì Nínú Ẹ̀rọ

Dádì,

Àárọ̀ yìí ni Ìyá Pritchard, aládùúgbò wa, tó gbé lẹ́tà àwọn onítẹlifíṣọ̀n wá. Àná ni akólẹ́tà ṣèèṣì jù ú sílé tiwọn, ó sì gbàgbé ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù. Ó ní, "Carys, ṣé o ti fẹ́ di gbajúmọ̀ ni? Má gbàgbé wa o!" Mi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gba ìtàn mi fún eré wọn tó ń sọ nípa àwọn ẹ̀rọ abanilẹ́rù ọjọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ohùn Mọ́mì tí a gbà sílẹ̀ kó tó kú, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, kọ́ ẹ̀rọ, kí olóògbé lè máa sọ ohun tí kò sọ rí. Wọ́n ní bí a kò bá ti kọ̀ títí àná, a ti gbà nìyẹn.

Mo rántí bí ẹ ṣe bi mí lọ́jọ́ tí ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́ pé, "Ṣé ẹ̀rọ náà máa lè pè mí ní Gwil bí ìyá ẹ ṣe máa ń pè mí?" Ìbéèrè yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọbẹ̀ àgùntàn wà nínú ìkòkò. Ẹ gbé pàǹtí síta, òní lọjọ́ àwọn akólẹ̀.

Mò ń lọ bá àwọn onítẹlifíṣọ̀n náà ní Cardiff. Dádì, mo máa gba ìtàn mi àti ohùn Mọ́mì padà, bí inú yín ò tiẹ̀ dùn sí i.

Carys