Màmá Ti Rí Ibi Tí Ẹ Ó Ti Ya Rélùwéè

Bàbá Lábákẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ẹ má sùn! Ẹ gbé kámẹ́rà, kí ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn station Olympia Fields. Ọ̀sán ni rélùwéè eléèéfín náà máa ti Chicago dé. Ẹ má lọ sórí afárá tí ẹ yàn yẹn. A débẹ̀ láàárọ̀: èrò ti kún un bámúbámú, oòrùn sì ń kọ sí ni lójú.

Mo ní ká máa padà sílé, Màmá yín kọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sọ̀rọ̀ rélùwéè, kó má wá rí i yà. Ni wọ́n bá lọ kan ilẹ̀kùn ilé kan tó kẹ́yìn sí ojú irin. Obìnrin òyìnbó kan, Dorothy, yọjú. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bá ń fi apá méjèèjì ṣe bí ẹsẹ̀ rélùwéè tó ń yí: "Fàkàfìkì, fàkàfìkì, fúúù!" Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọlẹ̀. Àmọ́ Dorothy rẹ́rìn-ín títí, ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí backyard. Ibẹ̀ ga, kò sígi, ojú irin sì yà kọ́ọ̀nà níbẹ̀. Ẹ ó rí ọkọ̀ náà látorí dé ìrù.

Àdírẹ́sì wà lẹ́yìn ìwé yìí. Gèlè Màmá ni mo sáré wá mú. Wọ́n ní iwájú fẹ́ǹsì làwọn máa dúró sí, àti pé bí ẹ bá ya rélùwéè tí àwọn ò sí nínú fọ́tò, kí ẹ lọ wá ìyá mìíràn.

Àdùfẹ́