Òṣùwọ̀n Tó Ń Wọn Ohun Tí Ojú Ò Rí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwa náà ń bẹ láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. O ò ní gbọ́ ìròyìn ibi láti ilé, àwa náà ò ní gbọ́ tìrẹ. Àǹtí rẹ aránṣọ ní kí n kí ọ. Òrùlé wa ò jò mọ́, nítorí òjò ò rọ̀.

Ohun tí o sọ lórí fóònù, pé ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń wọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, o ò tíì rí èyí tí ò ń wá, tó máa ń tú àṣírí àìsàn kíndìnrín kó tó wọra, ó sì ń ṣe ọ́ bíi kí o fiṣẹ́ sílẹ̀, ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun tán, àǹtí rẹ ló bá mi jẹ ìyókù. Èmi tí mo fi ogójì ọdún wọn àpò ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, ta ni kò mọ̀ pé ọmọ mi ló jogún òṣùwọ̀n? Mo ti ṣàlàyé fún gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé ẹ̀rọ tiyín tóbi tó yàrá, ẹ ó gé purotéènì wẹ́wẹ́, ẹ ó fi iná mànàmáná lé e táá fi máa fò, èyí tó bá fúyẹ́ jù á kọ́kọ́ délé. Olórí àwọn alábàárù ní irọ́ ni, pé ẹ̀wà àti ẹyin ni nọ́ọ̀sì ń pè ní purotéènì. Mo ní kó panu mọ́, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹyin tìrẹ wà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi àtàǹpàkò tẹ òṣùwọ̀n náà o, bóyá ìdí tí o ò fi rí i nìyẹn. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Àìsàn kíndìnrín tó mú ìyá rẹ lọ, ìgbà tó wúwo tán la tó mọ̀. Nígbà tó ṣì fúyẹ́, òṣùwọ̀n wo la ní? Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Ìgò oògùn ikọ́ kan wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo gún ìka mi, mo kán ẹ̀jẹ̀ mi sínú rẹ̀, kí o lè fi kún èyí tí ò ń wọ̀n. Mo kọ́kọ́ gbé e lé òṣùwọ̀n tèmi, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò mira rárá. Ìgbà náà ni mo gbà pé iṣẹ́ rẹ ju tèmi lọ.

Jọ̀ọ́, san owó awakọ̀, mo ti ní ọmọ mi kì í jáni kulẹ̀. Fi owó awò ojú mi tó fọ́ rán an pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní já sásán. Ohun tí ò ń wá á yọjú sí ọ. Tó bá sì jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ mi lo ti rí i, má sunkún, ṣe ni kí o yọ̀, torí o dé bá a nígbà tó ṣì fúyẹ́ nìyẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.