Àṣìṣe Ihò Keje

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Ẹrẹ́nà, 2025
Wọ́n gbé Oníhò lé mi lọ́wọ́ lónìí. Orúkọ tí mo fún súwíìṣì tuntun nìyẹn — ihò mẹ́rìnlélógún tí a ń ki wáyà bọ̀ ló ní. Òun ló so àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́ ẹ̀rọ tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí. Ọ̀gá Olúfẹ́mi ní kí n dá tò ó. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ti wà níbí. Mo tò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Gbogbo iná rẹ̀ ń tàn. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Wàhálà. Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ wá láti ọ́fíìsì èsì ìdánwò. Èsì àwọn tó fẹ́ lọ ṣe àgùnbánirọ̀ kò ṣí dáadáa mọ́. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni orúkọ wọn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Mo wo Oníhò. Ihò keje — àṣìṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ níbẹ̀ ń fọ́ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo so ìyára tí ihò keje fi ń gbé fáìlì mọ́ ojú kan, kó má máa yàn án fúnra rẹ̀. Mo dá òǹkà àṣìṣe padà sí òdo. Kí n tó mu omi tán, ó ti di igba.
Ọ̀gá ní ó jọ pé ẹ̀rọ ìpamọ́ ló bàjẹ́. Àwọn tó tà á fún wa ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lè wá. Ọjọ́rú á ti kọjá.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbọ́ ìwàásù. Níbi tí a ti ń ra iṣu ní ọjà Sẹ́kọ́nà, Màmá bi mí kí ló ń ṣe mí. Mo ní ihò keje ni. Wọ́n ní ihò wo nínú ara nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 10
Bí ihò ló bàjẹ́, àṣìṣe á dúró síbẹ̀. Bí wáyà ni, á tẹ̀lé wáyà. Mo yọ wáyà, mo tì í bọ ihò kọkànlá. Àṣìṣe tẹ̀lé e.
Mo fọwọ́ tọ wáyà náà dé ẹ̀yìn àpótí onírin tí Oníhò wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn àpótí ti há a mọ́lẹ̀, ó ti ṣẹ́ po. Bẹ́ẹ̀ dígí ló wà nínú irú wáyà yẹn.
Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mo tò ó, kò fẹ́ pa dé — mo fi orúnkún tì í.
Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè ní wáyà ló bàjẹ́, kí n dákẹ́. Kì í ṣe irọ́. Kì í ṣe òótọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé wáyà ni. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Abọ́sẹ̀dé, ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ẹ̀rọ ìpamọ́ ni mo ń dá lẹ́bi." Wọ́n mú wáyà tuntun jáde. A jọ tẹ́ ẹ.
Òdo. Wákàtí kan — òdo. Títí a fi ṣíwọ́ — òdo.

Ọjọ́rú, 12
Orúkọ lọ tán kí aago méjì tó lù. Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ wá dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo fà á. Wọ́n ní Ọ̀gá ti sọ fún àwọn pé mo jẹ́wọ́ fúnra mi, ìdí tí àwọn fi wá gan-an nìyẹn. Wọ́n ní Ọpẹ́olúwa, àbúrò àwọn, wà nínú àwọn tó ń lọ. Àwọn ò fẹ́ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí iṣẹ́ má baà dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo fa àga fún wọn, a jọ jókòó.