Fọ́tò Inú Igbó

Màámi,

Ara wa le o. Ẹ ní kí ló dé tó jẹ́ inú igbó la máa ń wà nínú gbogbo fọ́tò. Ẹ̀yìn ìlú ni; wọ́n la ọ̀nà síbẹ̀ kí tìyá tọmọ lè máa nasẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì dára.

Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá ọmọ yìí, kì í fẹ́ gbọ́ ariwo. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọmọọmọ yín ń sọ̀rọ̀ nílé. Abẹ́ igi nìkan ló ti ń pariwo.

Lánàá, ó dì mọ́ igi kan, ó ní òun ò relé.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n máa ń pariwo nílé Màmá àgbà?"

Mo ní, "Gan-an ni!" Mo sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí ẹni tó ń sùn ní yàrá mi àtijọ́ nílé yín, bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀.

Ọmọ yín.