Ògiri Tí Mo Fi Ọ̀dà Bò

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wọlé. Òjò náà ò ní pẹ́ dé. Mo kó ewé kúrò nínú gọ́tà, mo tún ilẹ̀kùn mẹ́ta kàn. Ògiri yàrá ìpẹ̀kun ti là láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀. Ìka mi wọlé. Mo fi han ọ̀gá ilé-ìwé — Màdáámù Kò-Sí-Wàhálà ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Ó ní kí n dí i, kí n kùn ún, àwọn òbí ń bọ̀. Kò sí wàhálà.
Mo ká bébà àpò sìmẹ́ǹtì, mo kì í bọ inú rẹ̀, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú fẹ́lẹ́. Ọ̀dà yẹ́lò. Ó rẹwà. Ojú tì mí bó ṣe rẹwà tó.

Ọjọ́bọ̀, 7
Òjò àkọ́kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Ìyàwó mi ní kí ló dé tí mò ń fi ìka kan gbogbo ògiri ilé, àbí mò ń kí wọn ni? Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́sàn-án mo gbọ́ ọ — krrr — bí ìgbà tí nǹkan ń ya. Mo bi í bóyá ó gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.
Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Màdáámù ní àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni yóò lo yàrá ìpẹ̀kun, torí òun ló dára jù. Ọmọ mẹ́tàlélógún. Èyí tó dàgbà jù ò ju ọdún mẹ́rin lọ. Olùkọ́ wọn ti tẹ́ ẹní tí wọn yóò máa sùn sí lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ògiri yẹn gan-an ló tẹ́ ẹ sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Mo sọ fún un. Mo ní Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, bébà ló wà nínú ògiri yẹn o. Kò gbójú sókè. Ó ní òun mọ̀, ṣé kí òun ti ilé-ìwé pa ni? Ó ní: “Bàbá, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kùn ún?”
Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ lórí.

Ọjọ́ Ajé, 18
Oòrùn ràn. Ògiri dúró ṣánṣán, kò ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ṣe é. Ìyá kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ibí yìí mà dáa o.” Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.
Mo lọ mú òòlù wá. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, yẹ́lò já wálẹ̀. Màdáámù ń pariwo pé ṣé orí mi pé. Mo fa bébà yọ, ó tutù rinrin. Àwọn òbí rọ́ wá síbẹ̀. Ìyá yẹn sún mọ́ ògiri, ó ki ọwọ́ bọ ibi tó là, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́.
Ó béèrè pé ta ló kó bébà síbẹ̀.
Mo ní èmi ni.
Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó jáde. Àwọn òbí yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.