Òrùlé Kẹrin

Bùrọ̀dá Obed,

Ẹ kú àbójútó ilé o. Ara mi le koko. Òtútù ìlú òyìnbó kò tilẹ̀ mú mi.

Mo rí fídíò tí ẹ yà lórí òkè Màpó. Mo rí Bẹẹrẹ, mo rí èrò Ọjà'ba, mo rí páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹ. Mo wá ń fi ìka ka òrùlé láti ibi ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí Màámi ṣe kọ́ wa ní kékeré: ìkẹrin ni tiwa.

Ìkẹrin ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kún fún ṣọ́ọ̀bù.

Ṣebí ẹ ní ẹ kàn ń pààrọ̀ páànù ni? Pálọ̀ ilé yẹn la sin Màámi sí, Bùrọ̀dá. Èmi tí ìwé ìrìnnà kò jẹ́ kí n wá síbi ìsìnkú, mo ti ní lọ́jọ́ kan n ó wá jókòó tì wọ́n níbẹ̀.

N kò bínú o. Ilé náà ti gbó, ẹ̀yin sì ni àgbà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ẹ bá mi kí Màámi náà, bí ẹ bá ṣì mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò yín,
Louisa