Ẹni Tí Yóò Máa Wa Bọ́ọ̀sì Cwm Helyg

Èmi, Meirwen Angharad Prosser, ọmọ ilé Beynon, opó Idwal Prosser, tí mo ń gbé ní ilé tó kẹ́yìn ní Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì, ní abúlé Cwm Helyg, láàárín àwọn òkè gúúsù ilẹ̀ Wéèlsì, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé, mo sì mọ ohun tí mo ń ṣe. Ìbàdí mi nìkan ni kò gbọ́ tèmi mọ́, òfin kò sì béèrè ìbàdí lọ́wọ́ ẹni tó ń há ogún. Ẹnikẹ́ni kò fi agbára mú mi. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí, pàápàá èyí tí mo kọ nígbà tí èmi àti àbúrò mi Gethin kì í bára wa sọ̀rọ̀.

Ìkíní. Àwọn tí yóò mójú tó ogún mi ni Lowri, ọmọ mi kan ṣoṣo, àti Nerys Hopkin, tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ wa títí wọ́n fi tì í, tí kò sì jókòó gẹlẹtẹ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà fún ara yín. Ìdí tí mo fi yàn yín nìyẹn. Ohun tí ẹ bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ó dájú pé ó tọ́.

Ìkejì. Àwọn ẹyẹlé Idwal, pẹ̀lú ilé wọn tó wà lẹ́yìnkùlé, di ti Gethin Beynon, àbúrò mi. Kí ó má ta wọ́n fún àwọn ará òdìkejì òkè, tí wọn kì í fún ẹyẹ lómi tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkọ mi níbí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ kan ní Swansea, tí kò sí tẹlifóònù nílé wa, Idwal a máa gbé ẹyẹlé kan sínú agbọ̀n fún mi ní ibùdó rélùwéè. Bí mo bá ti dé Swansea, màá tú u sílẹ̀ kí ó fò padà sílé. Bí ẹyẹ náà bá ti bà lórí òrùlé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé mo ti gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ràn mi títí a fi ṣègbéyàwó; ẹyẹ ló ń bá a sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ti kòtò èédú tó ti ń ṣiṣẹ́ pa, ó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ fèrèsé. Nígbà tí ìyẹn náà kógbá sílé, kò rí iṣẹ́ mọ́. Láràárọ̀ ni yóò wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, á lọ dúró ti àwọn ẹyẹ. Èmi náà á gbé tíì lọ bá a níbẹ̀, n kò sì ní béèrè ohunkóhun.

Ìkẹta. Àpótí irinṣẹ́ Idwal, pẹ̀lú gbogbo sípánà inú rẹ̀, kí ó máa wà nínú bọ́ọ̀sì abúlé. Ẹni tó bá yá a lọ sílé kò ní í ṣàì gbọ́ ohùn mi lójú àlá.

Ilé ló kàn. Ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹ ó rò pé arán ló ń bá mi pín ilé.

Nígbà tí wọ́n ní kò sí owó lápò ìjọba mọ́, ilé ìkàwé wa ni wọ́n kọ́kọ́ tì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni odò ìwẹ̀ àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú, níbi tí dókítà, ọjà àti ọ́fíìsì àwọn tó ń wáṣẹ́ wà. Gethin àbúrò mi ni awakọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá bọ́ọ̀sì náà dúró ni wọ́n dá òun náà dúró. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò níṣẹ́ kò rí ọkọ̀ wọ̀ lọ wáṣẹ́. Bí kò bá sì dé ọ́fíìsì náà lásìkò, wọn a gé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún un.

Nerys pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn tí àwọn awakùsà àtijọ́ fi owó ara wọn kọ́. A dá owó jọ, a ra bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ti gbó, Nerys sì béèrè ẹni tí yóò máa wà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti wa ọkọ̀ ilé ìfọṣọ rí. Mo nawọ́ sókè. Gethin dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ tí mo ń ṣe gbowó lẹ fẹ́ máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn.”

Mo dá a lóhùn pé Olwen Pask, tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì ń sanwó fún mi kí n lè máa gbé e lọ.”

Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó jáde. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú ilé rẹ̀, á yíjú sí ògiri. Ó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n lè pe ènìyàn láàárọ̀ kí wọ́n tún lé e padà lọ́sàn-án.

N kò ní í sọ níbí pé mo jẹ̀bi, nítorí Olwen ṣì wà láàyè. N kò sì ní í sọ pé Gethin jẹ̀bi. Àwọn aláṣẹ wá láti ìlú, wọ́n bá wa ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n yìn wá fún ìfẹ́ ọmọnìkejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá bọ́ọ̀sì abúlé mìíràn náà dúró, wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ lọ wo bí a ṣe ń ṣe é ní Cwm Helyg. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, mo wọ bàtà mi. Mo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn Gethin, ìtìjú dá mi dúró.

Yìnyín ló parí ìjà wa. Mo ń lọ fún àwọn ẹyẹ lóúnjẹ, mo yọ̀ ṣubú, ìbàdí mi sì kán. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ ẹ̀rọ Olwen. Ọkọ̀ aláìsàn ní òun kò lè tètè dé. Àwọn yòókù tó ń bá mi wa bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ wo ọ̀nà orí òkè, wọ́n mi orí. Mo ní kí Nerys má lọ bá Gethin. Nerys kò gbọ́ tèmi rí.

Gethin dé, ó so ẹ̀wọ̀n mọ́ táyà kí ó má bàa yọ̀, ó gbé Olwen sí iwájú, ó sì tẹ́ mi sórí àga ẹ̀yìn bí ẹyin. Ó rọra wa bọ́ọ̀sì náà sọ̀kalẹ̀ òkè. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo wà á lónìí nítorí yín àti Olwen. Tẹ́ ẹ bá dìde, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n sanwó mi.” Mo rẹ́rìn-ín, ó dùn mí dé ọpọlọ.

Láti ìgbà náà ló ti ń wà á. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti já àwọn èrò, á wọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ á po tíì fún un. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Owó kò tíì jáde.

Ìkẹrin. Nítorí náà, kí ẹ má ta ilé mi. Kí ẹ fi í háyà fún ìdílé tó bá fẹ́ dúró ní abúlé yìí. Owó háyà náà, lẹ́yìn àtúnṣe ilé, kí ó jẹ́ ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ti táyà, kì í ṣe ti epo, kì í ṣe ti ọ̀dà. Gethin ni kí ó kọ́kọ́ gbà á, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì fẹ́ wakọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Cwm Helyg. Ẹ má ṣe pè é ní ẹ̀bùn. Owó ọ̀yà ni. Bí ìjọba bá tún gba awakọ̀ síṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kí ẹ fi owó náà ṣí ilé ìkàwé.

N kò sọ pé kí àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn dẹ́kun o. Nerys, má bínú. Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n a kì í fi iyọ̀ nìkan se ọbẹ̀.

Ìkarùn-ún. Lowri, ọmọ mi, òrùka ìgbéyàwó mi ni tìrẹ, àti irin tí a fi ń yan kéèkì, àti gbogbo fọ́tò bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé ohun tó tọ́ sí ọ jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè ọ́ sórí tẹlifóònù ní Bristol láti sọ ìpinnu mi lórí ilé fún ọ, o ní, “Màámi, ká ní ọkọ̀ wà nígbà yẹn tó lè máa gbé mi lọ síbi iṣẹ́, ǹjẹ́ mo máa kúrò nílé?” Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà. N kò bínú sí ọ rí pé o lọ. Àwọn tó mú kí o lọ ni mo bínú sí, ìwọ tó wà nítòsí ni mo kàn ń kanra mọ́.

Ìkẹfà. Olwen Pask ni kí ó mú kúbùsù onírun mi, nítorí òtútù máa ń mú un lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó máa ní òun kò fẹ́. Ẹ fi bò ó.

Ìkeje. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Idwal, ẹ pe ẹgbẹ́ akọrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ọtí lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ sin mí, ọjọ́ yòówù kí n kú. Bọ́ọ̀sì kì í lọ lọ́jọ́ Àìkú. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró létí ọ̀nà, kí ó pẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí pé wọ́n ń sin Meirwen.

Mo fọwọ́ sí i ní Cwm Helyg, ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 2019.

Meirwen A. Prosser

Àwa méjì tí a kò ní ìpín kankan nínú ogún yìí wà níbẹ̀, a sì fi ojú wa rí i bí ó ti fọwọ́ sí i:

Alun Rosser, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì
Bethan Cadwgan, nọ́ọ̀sì